Àìsàn Tí Wọ́n Ní Kì Í Ṣe Tiwa

Ẹ̀yin tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí ẹ jókòó, tó wá ń fi ohùn jẹ́jẹ́ bá yín sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ni mò ń kọ èyí sí. Mi ò ní parọ́ fún yín. Bó bá jẹ́ ìtàn ẹni tó fi sùúrù la jẹjẹrẹ ọmú já lẹ ń wá, ẹ gbé ìwé yìí sílẹ̀. Owú ni mo fi la tèmi já. Mo jowú débi pé oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́, obìnrin òyìnbó kan tí kò ṣẹ̀ mí rárá ni mo sì ń jowú. Èmi ò ní orogún o. Ìyàwó kan ṣoṣo ni ọkọ mi fẹ́, èmi náà sì ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ohun tí mo ń fẹ́, tó sì rí i láìlàágùn, orogún mi ni, ì báà jẹ́ òkè òkun ló ti wá.

Rábíátù lorúkọ mi, àwọn ará àdúgbò ń pè mí ní Ìyá Múínà. Aránṣọ ni mí. Ìsẹ́yìn la ti wá. Ọkọ mi ń wa lọ́rì fún ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun kan ní Wharf Road, òun ló ń kó ẹrù wọn lọ sí Kánò. Yàrá kan la gbà ní Ajégúnlẹ̀, kò jìnnà sí Boundary, àwa pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta àti ìyá ọkọ mi. Nígbà tí mò ń sọ yìí, òmìnira ò tíì pẹ́, ogun ò sì tíì bẹ̀rẹ̀. Àbíkẹ́yìn wa, Lásísì, ti lé lọ́dún kan, ó ṣì ń mu ọmú.

Ọwọ́ ọmọ náà ló kọ́kọ́ bá nǹkan ọ̀hún. Lásísì ní ìwà kan: bó bá ń mu ọmú òsì, á máa fi ọwọ́ fún ti ọ̀tún, bí ẹni tó ń ṣọ́ ọ kí ẹlòmíràn má baà gbé e lọ. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo rí i pé ojú kan náà ló ń fi ìka tẹ̀. Mo fọwọ́ síbẹ̀. Hóró kan ni, kò ju hóró àgbálùmọ̀ lọ, ó le, mo sì tẹ̀ ẹ́ títí, kò dùn mí. Bó bá dùn mí ni, n bá ti pariwo. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ fetí sí mi dáadáa níbí: àìdùn yẹn ló tàn mí jẹ. Eyín dídùn nìkan ti tó láti gbé mi lọ sí ọsibítù, ṣùgbọ́n ohun tó wá pa mí kò dùn mí, mo sì ń bá a sùn.

Ohun tó jẹ́ kí n dákẹ́ ń tì mí lójú láti kọ, àmọ́ mo ti ní mi ò ní parọ́. Ní ilé wa, obìnrin tó bá ń fún ọmọ lọ́mú kì í sún mọ́ ọkọ rẹ̀, títí ọmọ á fi já lẹ́nu ọmú. Wọ́n ní bí ọkọ bá sùn ti ìyá ọlọ́mọ, omi ọmú á bàjẹ́, ọmọ á sì máa rù. Ìdí nìyí tí ìyá ọkọ mi fi ń tẹ́ ẹní rẹ̀ sáàárín èmi àti ọmọ rẹ̀ bí ọlọ́pàá ojú bodè. Ṣùgbọ́n Ìyá lọ ṣọdún Iléyá ní Ìsẹ́yìn, ọjọ́ mọ́kànlá ló lò, ọkọ mi sì ti Kánò dé lọ́jọ́ kejì tó lọ. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí kókó yìí wá yọ lẹ́yìn oṣù méjì, kí ni kí n rò? Mo ní omi ọmú ló bàjẹ́, òun ló dì síbẹ̀. Mo ní bí mo bá fi han ẹnikẹ́ni, gbogbo Ìsẹ́yìn ló máa mọ ohun tí a ṣe lẹ́yìn Ìyá. Mo ra kọ́mú tó le, mo fi dì í mọ́lẹ̀, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ.

Lásìkò yẹn, mò ń rán aṣọ fún àwọn ìyàwó òyìnbó ní Apápá. Ọkọ mi ló bá mi rí ọ̀nà, láti ọwọ́ àwọn ọ̀gá rẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, màá gbé báàgì kọ́pá, màá gba ojú irin kọjá, màá gba Warehouse Road láàárín àwọn alábàárù, títí màá fi dé ibi tí ilé ti ní òdòdó níwájú tí ajá sì ń jẹ ẹran ju ọmọ ènìyàn lọ. Màdámù tí mò ń wí yìí ni ìyàwó ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ ọkọ mi. Obìnrin gíga, tẹ́ẹ́rẹ́, ẹlẹ́rìn-ín. Ọmọ méjì tó bí ti dàgbà, wọ́n wà nílé ìwé nílùú òyìnbó. Kì í yọwó, kì í sì í jẹ́ kí n lọ láìmu omi tútù.

Lọ́jọ́ kan, mò ń bá a wọ gáùn tuntun wò, mo ń fi píìnì gba abẹ́ apá rẹ̀ mọ́ra. Ìka mi kan nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmú rẹ̀. Mo dúró. Mo tún fọwọ́ kàn án. Kò sí bí n ò ṣe ní mọ̀ ọ́n, oṣù márùn-ún gbáko ni mo ti ń fọwọ́ kan irú rẹ̀ lára mi láràárọ̀.

"Rábì, píìnì ló gún ọ ni?"

"Rárá, Màdámù. Ẹ fọwọ́ kan ibí."

Ó fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Ṣé ó ń dùn yín?"

"Kò dùn mí."

"Ẹ lọ fi han dókítà, Màdámù. Lónìí yìí."

Èmi ni mo sọ pé lónìí! Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí n ò sọ ọ́ fún ara mi. Lójú tèmi nígbà náà, ọ̀rọ̀ náà yé mi kedere. Màdámù kì í ṣe ọlọ́mọ ọwọ́, kò sí omi ọmú lára rẹ̀ tó lè dì, nítorí náà tirẹ̀ ní láti jẹ́ àìsàn. Tèmi ni ẹ̀ṣẹ̀. Dókítà là ń mú àìsàn lọ bá, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀, abẹ́ aṣọ là ń fi pamọ́ sí. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn, mo ká tépù mi, mo lọ sílé.

Ọjọ́ kẹta ni mo gbé gáùn náà lọ. Mo bá àpótí nílẹ̀ ní pálọ̀. Kúùkù wọn fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ìyá Múínà, wọ́n ti mọ ohun tó ń ṣe ìyá yìí o. Jẹjẹrẹ ni. Bàálù ló máa gbé wọn lọ sílé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Mo yọjú sí fàráńdà. Ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, ní ọ̀sán gangan, lọ́jọ́ iṣẹ́, pẹ̀lú gbogbo ọkọ̀ òkun tó ń dúró dè é ní èbúté. Ó jókòó ti ìyàwó rẹ̀, ó dì í lọ́wọ́ mú. Ọwọ́ yẹn ni owú mi ti bẹ̀rẹ̀.

Màdámù dìde, ó gbá mi mọ́ra, ó ní ọwọ́ mi ló gba òun là. Mo kí i pé á lọ ire, á bọ̀ ire, mo sì ń fi tinútinú sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń gba ojú irin padà, nǹkan kan ń jẹ mí nínú. Ọjọ́ mẹ́ta péré! Lọ́jọ́ mẹ́ta, wọ́n ti wò ó, wọ́n ti sọ orúkọ rẹ̀, wọ́n ti gba ìwé bàálù. Mo sunkún díẹ̀ lójú ọ̀nà, mo sì sọ fún ara mi pé ekuru ló kó sí mi lójú.

Kí òjò ọdún yẹn tó dá, hóró àgbálùmọ̀ ti di ẹyin àdìẹ. Awọ ọmú náà ń sún kì bí èèpo ọsàn. Lásísì ò gba ọ̀tún mọ́, bí mo bá gbé e sí i lẹ́nu, á yí ojú kúrò. Ìyá ló ká mi mọ́ balùwẹ̀ lẹ́yìnkùlé, níbi tí mo ti ń wẹ̀.

"Ìyàwó, kí nìyẹn láyà rẹ?"

"Omi ọmú ló dì, Ìyá."

Ó wò mí títí. "Ìgbà tí mo lọ ṣe Iléyá," ló wí. Kò bèèrè, ó kàn sọ ọ́ ni. Mo kúnlẹ̀ nínú omi ọṣẹ níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Ìyá ti gba ọ̀rọ̀ náà ṣe bí iṣẹ́ oṣù. Ó fi ewúro pa orí ọmú mi, ó já Lásísì lẹ́nu ọmú lọ́jọ́ kan náà, gbogbo ilé kò sì gbádùn fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó se àgbo, mo mu ún. Àlùfáà kọ hàntú sí wàláà, wọ́n fọ̀ ọ́, mo mu ún. Wọ́n fi ewé gbígbóná jó o, wọ́n fi òrí àti ohun tí n ò mọ̀ pa á. Àwọn àbúrò ọkọ mi ti Ìsẹ́yìn wá, oníkálukú pẹ̀lú ìgò tirẹ̀. Mi ò bú Ìyá o. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fẹ́ iná tí èéfín fi ń pọ́n ọn lójú. Ó nífẹ̀ẹ́ mi, ìfẹ́ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Aládùúgbò wa kan wà, ará ìhà odò ni, ẹja yíyan ló ń tà ní Boundary. Mámà Ebi là ń pè é. Ó rí mi lọ́jọ́ kan tí mo ń pààrọ̀ ewé, ó gbé abọ́ ẹja kalẹ̀.

"Rabi, dis one no be milk o! My mama sister get am. Na so e start, e kill am. Abeg, go hospital!"

Bó ṣe sọ pé irú rẹ̀ ló pa ẹ̀gbọ́n ìyá òun, àyà mi já. Mo lọ bá Ìyá, mo ní, "Ẹ gbọ́, Ìyá, irú ẹ̀ ló ṣe Màdámù tí mò ń ránṣọ fún. Wọ́n ní jẹjẹrẹ ni."

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Àìsàn òyìnbó nìyẹn. Àwọn tí kì í fún ọmọ lọ́mú, tó jẹ́ ìgò ni wọ́n fi ń bọ́ ọmọ, àwọn ló ń bá jà. Ta lo gbọ́ pé ó ṣe rí nílé wa?"

Lóòótọ́, mi ò gbọ́ pé ó ṣe ẹnì kan rí. Àwọn obìnrin tí ọmú wọn jẹrà ní Ìsẹ́yìn, ayé ló ṣe wọ́n, tàbí wọ́n jẹ èèwọ̀, tàbí wọ́n ṣàìsàn díẹ̀ wọ́n sì kú. Kò sẹ́ni tó pè é ní jẹjẹrẹ.

Ọkọ mi ti Kánò dé, ó ní ká lọ sí ọsibítù ilé iṣẹ́ àwọn. Ọsibítù náà ní ẹnu ọ̀nà méjì. Ti iwájú ni ti àwọn ọ̀gá àtàwọn ìyàwó wọn, àga onítìmùtìmù àti fáànù wà níbẹ̀. Ti ẹ̀yìn ni ti àwa ìyókù, bẹ́ńṣì ni tiwa. Láti ìgbà tí a ti kírun àárọ̀ tán ni a ti jókòó sórí bẹ́ńṣì, ọ̀sán ti pọ́n kí wọ́n tó pè mí. Dókítà òyìnbó kan náà ló ń wo ẹnu ọ̀nà méjèèjì. Kò ní kí n bọ́ bùbá. Ó fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ lórí aṣọ, ó ní kí nọ́ọ̀sì bi mí pé ọmọ mélòó ni mo bí. Mo ní mẹ́ta. Ṣé mo fún gbogbo wọn lọ́mú? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó lé lọ́dún kan ààbọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó rẹ́rìn-ín sí mi bí olùkọ́ ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ tó yege.

Nọ́ọ̀sì tú u fún mi: "Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá. Dókítà ní obìnrin adúláwọ̀ tó bá ń fún ọmọ lọ́mú bíi tiyín kì í ní ohun tí ẹ ń bẹ̀rù yẹn. Omi ọmú ló dì. Ẹ máa wá gba abẹ́rẹ́ fún ọjọ́ méje."

Ẹ wò ó. Ìyá tí kò kọjá Ìsẹ́yìn àti Èkó láyé rẹ̀, àti dókítà tó ti òkè òkun wá, wọn ò ríra rí, wọn ò gbọ́ èdè ara wọn, ọ̀rọ̀ kan náà ló ti ẹnu wọn jáde. Ta ni èmi tí mo fẹ́ jiyàn? Ọkọ mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní gbangba. Mo gba abẹ́rẹ́ méje, ìdí mi wú, kókó náà ò mira.

Ìgbà yẹn ni owú mi wá kúrò ní kékeré. Mo ń jowú orúkọ. Màdámù ní kókó, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, orúkọ yẹn gbé e wọ bàálù. Èmi ní kókó, wọ́n ní omi ni. Ta ló ń jowú ẹni tó ní jẹjẹrẹ? Èmi ni. Bí mo bá ń wa ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, màá máa rò ó pé ní báyìí, ó wà lórí ibùsùn funfun, ọkọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń bi í bóyá ó fẹ́ tíì. Màá rán ojú aṣọ gba ibi tí kò yẹ, màá tún tú u.

Ìgbà ọyẹ́ ni Màdámù padà dé. Ó ránṣẹ́ pè mí. Ó ti rù, irun rẹ̀ kúrú, àmọ́ ó pa ètè, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó kó gáùn mẹ́fà síwájú mi, ó ní, "Rábì, wọn ò bá mi mu mọ́." Ó bọ́ aṣọ òkè. Apá òsì àyà rẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Ojú abẹ náà gún, wọ́n rán an dáadáa. Èmi aránṣọ mọ iṣẹ́ tó mọ́ bí mo bá rí i. Ẹ máà dá mi lẹ́jọ́, mo jowú ojú abẹ yẹn.

Ó fẹ́ kí n ṣe nǹkan tí yóò fi dí ojú ibẹ̀. Mo fi aṣọ funfun rán an bí ìrọ̀rí kékeré, mo kó òwú sí i. Nígbà tó wọ̀ ọ́ wò, ó fúyẹ́ jù, ó ń gun òkè. Mo tú u, mo kó ọkà bàbà gbígbẹ díẹ̀ sínú òwú náà, ó wá jókòó síbi tó yẹ. Màdámù dúró síwájú dígí, ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín bí ọmọge. Ẹ̀rín yẹn ló ba gbogbo nǹkan jẹ́. Orí mi gbóná.

Kò mọ̀. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ bi ọ́. Báwo ni ọwọ́ rẹ ṣe mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ yẹn?"

Mo bọ́ bùbá mi, mo tú kọ́mú.

Ó fọwọ́ bo ẹnu. "Láti ìgbà wo?"

"Kí tiyín tó dé."

"O sì dákẹ́?"

"Wọ́n ní kì í ṣe tiwa, Màdámù. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ni ín." Gẹ̀ẹ́sì mi ò pọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ló jáde lọ́jọ́ náà, mo fi Yorùbá dí ibi tó bá ti tán. "Ẹ ti lọ, ẹ ti bọ̀. Wọ́n ti gé tiyín, ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo bá yín rí i, omi ọmú ni wọ́n ń fún mi lábẹ́rẹ́ rẹ̀! Mo ń jowú yín. Bí mo bá wo ojú abẹ yín, ó ń ṣe mí bíi kí n jí i gbé."

Mo ti rò pé á lé mi jáde. Ó jókòó sórí ilẹ̀, láàárín àwọn gáùn, kò sì bá mi jiyàn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó dìde, ó wọ aṣọ, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Ó ní, "Ó yá."

Ẹnu ọ̀nà iwájú la gbà wọlé. Nọ́ọ̀sì fẹ́ sọ̀rọ̀, ó wo ojú Màdámù, ó gbé e mì. Dókítà kan náà ni. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní kí n bọ́ bùbá. Ó wò ó pẹ́, ó fọwọ́ wá abẹ́ apá mi, etí rẹ̀ wá pọ́n bí ata. Màdámù sọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó yá ju èyí tí mo lè gbọ́ lọ. Gbólóhùn kan ni mo gbọ́ nínú èsì dókítà: òun ò rò pé aláwọ̀ dúdú ń ní i. Ìyàwó ọ̀gá nìkan ni ilé iṣẹ́ ń sanwó bàálù fún, ti ìyàwó awakọ̀, ìwé ni wọ́n ń kọ. Ó kọ ìwé fún mi sí ọsibítù ńlá ti ìjọba. Màdámù sunkún nínú mọ́tò. Mo jókòó tì í, mo ń ronú pé ẹkún rẹ̀ pàápàá dára ju tèmi lọ, ó ní áńkáṣíìfù.

Ní ọsibítù ìjọba, bí o ò bá dé kí ilẹ̀ tó mọ́, káàdì rẹ ò ní kàn lọ́jọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ kí n tó wọlé. Àmọ́ ohun tí mo rí lórí bẹ́ńṣì yẹn, n ò ní gbàgbé rẹ̀. Obìnrin Ìgbò wà níbẹ̀, Ìjẹ̀bú, Hausa, ará Bìní, ìyá arúgbó kan láti Ẹ̀pẹ́ tó fi aṣọ mẹ́ta wé àyà, tí òórùn rẹ̀ sì ń jáde síbẹ̀síbẹ̀. Àwọn kan ò tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Gbogbo wa pátá, aláwọ̀ dúdú, a jókòó, a ń dúró nítorí àìsàn tí aláwọ̀ dúdú kì í ní.

Dókítà tó wò mí, ọmọ wa ni, ó kéré lọ́jọ́ orí sí mi. Mo sọ ohun tí wọ́n ti sọ fún mi. Ó tọ́ka sí bẹ́ńṣì.

"Mà, ẹ bá mi ka òyìnbó tó wà níbẹ̀ yẹn."

"Kò sí."

"Ẹ ṣé. Àwọn yẹn tètè ń dé ibi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ àìsàn wọn sílẹ̀ ni. Tiwa ń kú sílé, a ó sì ní ayé ló ṣe wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dà bíi pé tiwọn nìkan ni." Ó fa káàdì mi mọ́ra. "Ó tún dà bíi pé ó ń tètè mú àwọn ọ̀dọ́ nínú wa. Ìdí rẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín, a ò tíì mọ̀ ọ́n. Ẹ pẹ́, Mà, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì pẹ́ jù."

Wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì gba orúkọ tí mo ti ń jowú. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ọkàn mi balẹ̀ ní wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ni ìbẹ̀rù dé.

Ọkọ mi ní láti fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n tó lè gé e. Ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa. Ó ní, "Wọn ò ní gé ìyàwó ọmọ mi bí ẹran. Báwo la ṣe máa dá a padà fún Ọlọ́run, ní àbọ̀? Kó tọrọ àforíjì ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ara rẹ̀ á yá."

Ọkọ mi kì í bá ìyá rẹ̀ jiyàn. Lọ́jọ́ náà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì sọ̀rọ̀ látilẹ̀ níbẹ̀.

"Ìyá, èmi ni. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́. Ó kọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mejì, mo tún bẹ̀ ẹ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ló ń di kókó, àyà tèmi ni ì bá ti yọ."

Ìyá jókòó sórí àpótí. Ó ní, "Dìde. Ìgbà wo ni wọ́n ní kẹ́ ẹ wá?"

Ọkọ mi kò dì mí lọ́wọ́ mú lọ sí ọsibítù bíi ti òyìnbó, ojú á tì í. Báàgì mi ló gbé, ó ń rìn níwájú, ó ń bojú wẹ̀yìn ní gbogbo ìṣísẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi lọ sí Kánò, ó ń sùn sábẹ́ igi nínú ọgbà ọsibítù. Mo ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi kejì. Wọ́n gé ọmú ọ̀tún, wọ́n kó ohun tó wà lábẹ́ apá pẹ̀lú. Ojú abẹ tèmi ò gún bíi ti Màdámù. Ó ta kókó, ó pẹ́ kó tó jinná. Ìyá ló ń wẹ̀ mí, kò sì mẹ́nu kan Iléyá mọ́ títí ó fi kú. Nínú àwa tí a jọ jókòó lórí bẹ́ńṣì, ìyá Ẹ̀pẹ́ ò lò ju oṣù kan lọ. Mo ń rí méjì nínú àwọn yòókù fún ọdún díẹ̀, mi ò rí wọn mọ́.

Màdámù wá kí mi ní Ajégúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ọmọ àdúgbò tẹ̀ lé mọ́tò rẹ̀. Nígbà tí ogun kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n padà sílùú wọn. Ó kọ lẹ́tà méjì, lẹ́yìn náà mi ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Mo ń gbàdúrà pé kó wà láàyè. Bó bá sì wà láàyè, mo mọ̀ pé kì í ṣe àgbo ló gbà á là.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá báyìí. A ti yí mọ́tò sí apá ọ̀tún, a ti fi náírà rọ́pò pọ́n-ùn, mo ṣì wà. Apá ọ̀tún mi máa ń wú bó bá di ọ̀sán, ó máa ń wúwo, mi ò lè gbé omi, mi ò sì lè fi sísọ́ọ̀sì gé aṣọ tó nípọn. Mò ń lọ fún àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ìrọ̀rí àyà tí mo rán fún ara mi, kòkòrò ti jẹ ọkà inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo máa ń fọn ọ́n jáde, màá tún kó òmíràn sí i. Àwọn òru kan wà tí ara kàn máa ń fu mí, tí ẹ̀rù á bà mí títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mi ò mọ iye ọjọ́ tó kù. Ẹ̀yin náà ò mọ tiyín.

Lọ́dún tó kọjá, Múínà, àkọ́bí mi, tó ti lọ́kọ tó sì ń tọ́mọ, kanlẹ̀kùn mi láàárọ̀. Ó ní, "Màámi, ẹ fọwọ́ kan ibí." Kókó ni, kékeré. Mo bi í pé ìgbà wo ló rí i. Ó ní nígbà tí òun ń wẹ̀, ní àárọ̀ yẹn náà. Kò tíì jẹun. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ojú kò tì í, kò bèèrè ohun tí Ìsẹ́yìn máa sọ. A wọkọ̀ lọ. Wọ́n yọ ọ́ lọ́sẹ̀ kan náà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kì í ṣe jẹjẹrẹ. Nǹkan tó kù lára rẹ̀ ò ju àpá ilà kékeré kan lọ.

Ó jókòó síwájú mi lọ́jọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀, ó ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú méjèèjì, ó ń rojọ́ ọkọ rẹ̀. Ó rí i tí mo tẹjú mọ́ ọn.

"Màámi, kí ló dé? Kí lẹ̀ ń wò?"

"Mò ń jowú rẹ ni."

Ó rò pé mò ń ṣeré, ó rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni mo sọ. Mo jowú rẹ̀ dénú egungun, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo pẹ́ láyé tó láti jowú ọmọ mi. Ìwọ tó o ń kà á, bí nǹkan kan bá wà lábẹ́ aṣọ rẹ tí o ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, dìde lónìí, lọ fi hàn wọ́n, kí wọ́n sọ orúkọ rẹ̀ fún ọ. Jẹ́ kí n jowú ìwọ náà.